Àkùkọ Kérésì Tí A Kò Pa

Ọjọ́ Ajé, 2 Fẹ́búárì

Bukky ra ìwé yìí fún mi kó tó padà sí Àbújá. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí mi ò ti fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tí mo bí ló ń fún mi níṣẹ́ àṣetiléwá. Ó dáa.

Mo jí. Mo da àgbàdo fún àwọn adìyẹ. Àkùkọ Kérésì gún mi lẹ́sẹ̀. Mo wọlé. Ó tán.

Ọjọ́rú, 4 Fẹ́búárì

Ó tún gún mi, ní ojúgun ọ̀tún. Èékánná ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ẹ̀ ti gùn bí ìṣó. Mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ nù ún, kò tiẹ̀ ta mí. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò sí ohun tó ń ta mí.

Àkùkọ méjì ni Dádì, ọkọ mi, rà lóṣù Kẹwàá, bó ṣe máa ń rà á lọ́dọọdún: ọ̀kan fún Kérésì, ọ̀kan fún Níú Yíà. Kì í sọ wọ́n lórúkọ. Ó ní ohun téèyàn máa jẹ, èèyàn kì í sọ ọ́ lórúkọ. “Ti Kérésì dà? Ti Níú Yíà ńkọ́?” Bó ṣe máa ń bèèrè wọn nìyẹn títí di ọjọ́ ọ̀bẹ. Ó wá kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejìlá. Ta ló máa rántí adìyẹ? Ọdún wá, ọdún lọ, a sin Dádì, èrò tú ká. Mo bojú wẹ̀yìn láti wíńdò kíṣìnì, mo rí Kérésì lórí ògiri, ó ń wò mí bí ẹni tó ń bèèrè pé ta ló kàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Fẹ́búárì

Mo ti rí ọgbọ́n ẹ̀ dá. Kí n tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, màá ju ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan sí ìdí ìbẹ́pẹ. Bó bá ti sáré lọ síbẹ̀, èmi á kọjá lọ bu omi fún àwọn obìnrin ilé rẹ̀, màá kó ẹyin, màá wọlé. Lónìí kò fara kàn mí.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọdún yẹn náà ni mo fi ń gbé Festac. Ṣé èmi ni wọ́n máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi owó sẹ́tù ẹni tó dènà?

Ọjọ́ Ajé, 9 Fẹ́búárì

Ooru. Kò síná. Kóńgò àgbàdo ní Agboju ti di ₦1,200. Mo ra méjì.

Mo se ẹ̀wà, mo jẹ ẹ́, bíi pé mo ń jẹ páálí. Mo bu díẹ̀ sọ́dọ̀ Àlàájà Sàdíátù, ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó fọ abọ́, ó dá a padà, ó ní, “Màmá Bukky, ẹ ò mà fiyọ̀ sí i rárá.” Òótọ́ ni. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń dáná láìfi iyọ̀ sí i, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru Dádì. Ẹni tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ ṣe é ti lọ, ọwọ́ mi ò tíì gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Fẹ́búárì

Basheerah gba géètì kékeré tó wà láàárín ọgbà wa àti tiwọn wọlé, ó wá kó ẹyin. Ọmọ ọmọ Àlàájà ni, ọdún márùn-ún. Dádì ló kọ́ ọ: má sáré, má pariwo, má fún ẹyin mọ́wọ́. Mo ti kọ́kọ́ sẹ́tù Kérésì, ó wà nídìí ìbẹ́pẹ, kò gbórí sókè.

Ọmọ náà kó ẹyin mẹ́rin sínú híjáàbù rẹ̀. Ó ní, “Gíráńmà, Gíráńpà ò tíì dé?”

Mo ní kò tíì dé. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 18 Fẹ́búárì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí, tiwa àti ti ilé Àlàájà lọ́jọ́ kan náà. Àlùfáà fi eérú tẹ̀ mí níwájú orí. Mo délé, mo lọ sẹ́yìn, Kérésì ò bọ̀wọ̀ fún eérú, ó fò mọ́ mi lápá.

Ẹ̀kúnwọ́ kan ò tó o mọ́. Méjì ló ń gbà báyìí. Tó bá jẹ ẹ́ tán, á tún padà wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ju apá kan sílẹ̀, á máa jó yí mi ká. Ó mọ ìgbà tí mo ń jáde. Ó ń dúró dè mí ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Fẹ́búárì

Ó na Níú Yíà nínà tó burú. Ogbe orí onítọ̀hún ya sí méjì. Abẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ti bàjẹ́ ló ń sùn báyìí, kì í kọ, kì í jáde tí ilẹ̀ ò bá tíì ṣú. Mo ń gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀. Èmi àtiẹ̀, àwa méjèèjì la ń fara pamọ́ nínú ọgbà ara wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Fẹ́búárì

Mo wà ní yàrá. Mo gbọ́ igbe.

Basheerah ló wọlé láìsọ fún mi. Ó fẹ́ wá fi eyín tó yọ hàn mí. Kérésì pàdé ẹ̀ lẹ́nu géètì. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ọmọ ti wà nílẹ̀, àkùkọ wà lórí àyà ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú ẹ̀ òsì. Mo fi ọwọ́ mi lásán gbá a kúrò. Abẹ́ ojú ló ti ya, díẹ̀ báyìí ló kù kó kan ẹyinjú. Ní ọsibítù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó rán an pọ̀.

Àlàájà Sàdíátù ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, “Màmá Bukky, ojú ọmọ ni o. Ṣé wọ́n ń ta ojú lọ́jà ni?” Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo jù ú lọ. Ó ní kí n dìde.

Ọkọ ẹ̀, Àlàájì Rùfáì, ló bi mí pé báwo lèmi ṣe ń rìn kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Mo sọ fún un: ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo, nídìí ìbẹ́pẹ, kí n tó jáde. Ó wò mí títí.

“Háà, Màmá Bukky! Ẹ ti sọ ọ́ di agbèrò. Ẹ̀ ń san fún un, òun náà gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ san. Ọmọ yẹn ò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́.”

Wọ́n ti àgádágodo mọ́ géètì kékeré láti ọ̀dọ̀ tiwọn. Mo gbọ́ bó ṣe dún.

Ó yẹ kí n sunkún. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo wá ẹkún náà títí, mi ò rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Fẹ́búárì

Charles, alága àwọn onílé ní kúlóòsì wa, wá. Ó bọ́ fìlà. Ó ní, “Mama, no vex. Àkùkọ yẹn, tó bá ṣì wà níbí lọ́jọ́ Easter, gbogbo adìyẹ ló ń lọ o. Gbogbo ẹ̀.” Mo ní mo ti gbọ́.

Tí wọ́n bá kó wọn lọ, kí ni màá torí ẹ̀ dìde láàárọ̀? Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí bó ṣe wà: kò sí nǹkan kan mọ́. Àwọn adìyẹ yìí nìkan ni ò mọ̀ pé Dádì ti kú, tí ebi ń pa wọ́n bó ṣe máa ń pa wọ́n.

Bukky ní orí fóònù, “Mọ́mì, ẹ pa á, ẹ jẹ ẹ́, ó tán.”

Mo ní, “Ta ló máa pa á?”

Ó mọ̀. Dádì ló máa ń di ẹsẹ̀ àti apá ẹ̀ mú, Àlàájì Rùfáì á dúńbú ẹ̀, kí ilé méjèèjì lè jọ jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é láti ìgbà tí Bukky wà ní pírámárì. Ojú wo ni màá fi lọ kanlẹ̀kùn wọn, kí n ní kí wọ́n wá bá mi pa ẹran tó fẹ́ fọ́ ojú ọmọ wọn?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Máàṣì

Mo dáwọ́ àgbàdo dúró. Ó lù mí dé ẹnu ilẹ̀kùn kíṣìnì.

Ọjọ́rú, 4 Máàṣì

Ó tún lù mí. Mo mú ọmọrí ìkòkò ńlá lọ bí apata. Ó ń gbá a gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Àgbà kan lèmi o, olówó ìfẹ̀yìntì.

Ọjọ́ Ìsinmi, 8 Máàṣì

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe fò mọ́ mi láàárọ̀, mi ò sá, ó ti sú mi. Mo kàn gbá a mú látòkè, mo tẹ ìyẹ́ méjèèjì mọ́ ọn lára, mo fi í sábẹ́ apá, bí Dádì ṣe máa ń ṣe. Ó jà, ó jà, ó dákẹ́. Mo gbé e rìn yí ọgbà ká, mo fi ọwọ́ kejì kó ẹyin. Ó wúwo. Ó gbóná gan-an. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ohun ẹlẹ́mìí kan ti wà lábẹ́ apá mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Máàṣì

Kì í fò mọ́ mi mọ́. Tó bá ti rí mi, á súnmọ́ mi, á dúró kí n gbé òun. Mo ti ń yọ̀. Púḿbà tó wá tún páìpù ṣe wọ ẹ̀yìn lọ lọ́sàn-án, iṣẹ́jú kan kò pé, ó ti wà lórí táńkì omi, ó ń ké pe Jésù. Èmi nìkan ni kò bá jà mọ́.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Máàṣì

Mo di ẹsẹ̀ ẹ̀, mo gbé e sínú páálí òfìfo kan, mo wọ Márúwá lọ sí Agboju kí n lọ tà á. Páálí ń mì lórí itan mi. Onímárúwá ní, “Màmá, kí ló wà nínú ẹ̀ yẹn?” Mo ní Kérésì ni. Ó fi dígí wo ojú mi, kò bèèrè nǹkan kan mọ́.

Ọlábùnmí tó ń ta adìyẹ fọwọ́ wọ̀n ọ́n. “Ẹ mà bọ́ ọ o! Àgbàdo mélòó lẹ fún un?” Mo ní kó má bèèrè. Ó ní ₦16,000. Mi ò tiẹ̀ ná an, mo gba owó. Ló bá fà á lẹ́sẹ̀ yọ, ó dorí ẹ̀ kodò, ó ń fì í lọ síbi àgò. Kérésì ò jà. Ó kàn ń wò mí láti ìsàlẹ̀.

Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, owó yín rèé.”

Ó pòṣé, ọ̀kan tó gùn dáadáa. “Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé ọjà lẹ wá?”

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Tó bá jẹ́ pé mo mọ̀ ni, mi ò bá kọ ọ́ síbí. Mo gbé e délé. Kí n tó tú okùn ẹsẹ̀ ẹ̀ tán, ó ti sáré lọ lé Níú Yíà.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Máàṣì

Ìtúnu Ààwẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ wọn láti òdìkejì ògiri. Mo sọ fún ara mi pé kò ní í kàn mí bí abọ́ oúnjẹ wọn ò bá wá lọ́dún yìí. Mo jókòó sí pálọ̀, mo ń wo ilẹ̀kùn.

Àlàájì fúnra ẹ̀ ló gbé e wá, láti ẹnu ọ̀nà iwájú, bí àlejò. Ìrẹsì, ẹran màlúù, mọ́ínmọ́ín. Mo ní, “Àlàájì, mi ò rò pé ó máa wá.”

Ó ní, “Ọ̀rọ̀ adìyẹ yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ọdún yàtọ̀. Abọ́ ò lè má kọjá.”

“Tiwa ò kọjá ní Kérésì.”

Ó ń wo àga tí Dádì máa ń jókòó sí tí àwọn méjèèjì bá ń ta ayò. Ó ní, “Mo pọ́n ọ̀bẹ lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá yẹn. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa pè mí. Mo ṣáà pọ́n ọn.”

Ó lọ. Mo jẹ oúnjẹ náà tán. Mo mọ̀ pé ó dùn, nítorí Àlàájà ló sè é. Ẹnu mi ò sọ fún mi.

Ọjọ́ Ajé, 30 Máàṣì

Òjò ńlá àkọ́kọ́. Ilé adìyẹ ń jò. Mo gun àpótí, mo fi ọ̀rá bò ó. Kérésì dúró tì mí títí mo fi ṣe é tán, kò jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn súnmọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Épírì

Gúdù Fúráìdè. Láti ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò bọ́ aṣọ dúdú ọrùn mi, ẹnu ọ̀nà wọn ni mo gbà lọ. Àlàájà Sàdíátù ló ṣílẹ̀kùn. Mo ní, “Àlàájà, mo fẹ́ kí Àlàájì bá mi dúńbú Kérésì lọ́la. Kó lè di ti ilé méjèèjì, bó ṣe yẹ kó rí.”

Ó ní, “Ta ló máa dì í mú?”

“Èmi ni.”

Ó fa ọwọ́ mi wọlé, ó bu omi fún mi. Basheerah wà lábẹ́ tábìlì, ó ń yọjú. Àpá náà dà bí okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ ojú ẹ̀. Mo kí i. Kò dáhùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Épírì

Àlàájì dé láàárọ̀, ó wọ jálàbíà àtijọ́ tó máa ń fi ṣe iṣẹ́ yẹn, ọ̀bẹ wà nínú ìwé ìròyìn. Mo gbé Kérésì jáde lábẹ́ apá. Kò jà. Ó ti mọ abẹ́ apá mi, ó rò pé a fẹ́ lọ kó ẹyin ni. Èyí ló burú jù níbẹ̀.

Àlàájì gbẹ́ ihò kékeré sídìí ìbẹ́pẹ, níbi tí mo ti ń ju àgbàdo. Ó ní kí n kọjú ẹ̀ sí gábàsì. Mo tẹ ìyẹ́ ẹ̀, mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú. Láti wíńdò kíṣìnì ni mo ti máa ń wo Dádì tó bá ń ṣe é, mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ń wò ó pẹ̀lú mi. Ọkàn ẹ̀ ń lù lábẹ́ àtàǹpàkò mi, kíákíá, kíákíá. Mo ní, “Má bínú.” Àlàájì ní, “Bísímílláì, Aláàhù Akúbárù.” Ó fa ọ̀bẹ, Kérésì ta pà lọ́wọ́ mi, mi ò jẹ́ kó lọ, títí ó fi dákẹ́.

Àlàájì nu ọ̀bẹ, kò dìde. Ó ń dúró de nǹkan. Lọ́dọọdún, tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, Dádì á ní, “Àlàájì, ọdún ti dé.” Ọ̀rọ̀ kan náà, gbogbo ọdún.

Mo ní, “Àlàájì, ọdún ti dé.”

Ó ní, “Ó ti dé, Màmá Bukky. Ó pẹ́, àmọ́ ó dé.” Ó yíjú sí ògiri, ó fi etí jálàbíà nu ojú. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìyẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi, 5 Épírì. Àjíǹde

Níú Yíà kọ láàárọ̀ yìí. Ohùn ẹ̀ há bíi ti ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó kọ lẹ́ẹ̀kan, ó wò yí ká bóyá ẹnì kan máa bá a wí, ó tún kọ.

Ẹran náà le, àkùkọ tó ti yẹ ká jẹ láti oṣù Kejìlá. Mo bọ̀ ọ́ títí. Mo lọ ata, mo dín ọbẹ̀, mo bu iyọ̀ sí i. Mo rò pé kò tó, mo tún bu ú. Mi ò tọ́ ọ wò, kí ni ǹ bá tọ́ ọ wò fún? Mo bu ìrẹsì sí abọ́ Àlàájà, mo fi itan kan sí i fún Basheerah. Mo débi géètì kékeré, wọ́n ti ṣí àgádágodo. Mo gbé e fún wọn, mo padà.

Nígbà tó yá, Basheerah dá abọ́ padà. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó wo ìdí ìbẹ́pẹ, ó wo abẹ́ jẹnẹrétọ̀, kó tó wọlé. Ó ní, “Ìyá àgbà ní ẹ ṣé. Ó ní ó dùn gan-an.” Ó tún ní, “Ṣé Gíráńpà náà jẹ níbẹ̀?”

Mo gba abọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní, “Rárá, ọmọ mi. Gíráńpà ti kú. Kò ní í dé mọ́.”

Ó rò ó. Ó ní, “Ó dáa tí kò jẹ ẹ́. Iyọ̀ ẹ̀ pọ̀ jù.”

Ó lọ kó ẹyin. Mo wọ kíṣìnì, mo ṣí ìkòkò, mo fi síbí bu ọbẹ̀ náà, mo fi kan ahọ́n.

Òótọ́ ni ọmọ sọ. Iyọ̀ pọ̀ jù, ó ta mí lẹ́nu, omi bọ́ lójú mi, omi náà sì níyọ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo ń sunkún, mo tún bu síbí mìíràn.